Ilé Ìtọ́jú Àgbà: Ọ̀dà Ara Ògiri Kọ́ Ni Ìtọ́jú

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí kò tíì ṣá, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ òkété wà lónìí ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ìdààmú. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó wá sí Port Harcourt nítorí iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ epo tàbí òwò ni a ti dàgbà síbẹ̀. Ọmọ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì wà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kẹta wà ní Èkó tí kì í délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé tí a kọ́ sí ìlú bàbá wa ti di ibùgbé aláǹgbá. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú àgbà, tí a máa ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ bí ọ̀rọ̀ òyìnbó, ṣe wọ àárín wa. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń dá a lábàá pé kí a kọ́ tiwa. Àwọn kan ti ń wá ibi tí wọn yóò fi òbí wọn sí. Àwọn mìíràn gbà pé èèwọ̀ gbáà ni. Kí a tó fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: kí ni a fi ń mọ̀ pé ìtọ́jú inú irú ilé bẹ́ẹ̀ dára?

Ní tiwa, bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n títí di ìsinsìnyí kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìbẹ̀wò ṣe máa ń rí. Ẹgbẹ́, ilé ìjọsìn tàbí ilé-iṣẹ́ kan á kọ̀wé ṣáájú. Wọ́n á gbé àpò ìrẹsì, páálí Indomie, ọṣẹ àti bébà ìnùdí wá. Wọ́n á na bánà, wọ́n á ya fọ́tò, alága á sọ̀rọ̀, alábòójútó ilé á dúpẹ́, gbogbo ènìyàn á sì gbà pé a ń tọ́jú àwọn àgbà níbẹ̀ dáadáa. Ní ilé kan tí a kò ní dárúkọ, wọ́n ti to àwọn arúgbó sórí àga oníke láti aago mẹ́wàá àárọ̀ de àlejò tí yóò dé ní aago méjì ọ̀sán. Bí ọ̀rọ̀ ìkíni ti ń lọ lọ́wọ́, bàbá kan ń wí ohun kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ léraléra. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ó ń ṣarán ni. Yorùbá ló ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n mú òun lọ tọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò tó gbọ́ èdè rẹ̀ ló dìde. Nínú ìròyìn ìbẹ̀wò ọjọ́ náà, iye àpò ìrẹsì wà níbẹ̀. Iye wákàtí tí bàbá fi mú ìtọ̀ mọ́ra kò sí níbẹ̀.

Àtakò wa kò ju èyí lọ. Ohun tí ojú àlejò ń rí ni a ń wọ̀n. Ohun tí ara àgbà ń rí, a kì í wọ̀n ọ́n.

OHUN TÍ ÌWÉ SỌ

Ìwé kò wọ́n wa ní Nàìjíríà. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní ìpín 16, sọ pé ìjọba ní láti rí sí ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì fún gbogbo ará ìlú. Ṣùgbọ́n Orí Kejì òfin náà ni èyí wà, ẹnikẹ́ni kò sì lè torí rẹ̀ nìkan gbé ìjọba lọ sí kóòtù, nítorí ìpín 6 òfin yìí kan náà dí ọ̀nà náà. Ní ọdún 2018 ni a ṣe òfin tó dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ọjọ́ ogbó sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2021. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbà ní ọdún 2016. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ṣáájú gbogbo wọn: ní oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni wọ́n la ìlànà 18 sílẹ̀ lábẹ́ orí márùn-ún, èyíinì ni òmìnira, kíkópa láwùjọ, ìtọ́jú, lílo ẹ̀bùn ẹni, àti iyì.

Àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé fáìlì kì í yí ènìyàn padà lórí ibùsùn. Ìlànà dára, a sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí a lè tọ́ka sí i. Síbẹ̀, ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn ní aago méjì òru láti wò ó bóyá bẹ́ẹ̀dì ìyá ti tutù fún ìtọ̀, òun ni ìwé kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún.

ÒṢÙWỌ̀N MẸ́TA

Dókítà kan wà tí ń jẹ́ Avedis Donabedian, tí wọ́n bí sí Bèírúùtù, tó sì ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1966 ó kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn onímọ̀ ìlera ṣì ń tẹ̀ lé. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà wo ìtọ́jú: ohun tó wà nílẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe, àti ohun tó ń tìdí rẹ̀ yọ. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ilé, bẹ́ẹ̀dì, oògùn, nọ́ọ̀sì àti owó. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni bí wọ́n ṣe ń fún àgbà lóúnjẹ, bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó ń tìdí rẹ̀ yọ ni bí ara àti ọkàn àgbà náà ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ọdún kan.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo ìbẹ̀wò tí a ṣàpèjúwe lókè, a ó rí i pé ti àkọ́kọ́ nìkan ni a máa ń kà. A ó rí kẹ̀kẹ́ arọ tuntun mẹ́fà, a ó sì yìn wọ́n. A kì í béèrè ẹni tó ń gbé àgbà sórí rẹ̀, tàbí bóyá ó ti jáde síta rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Ẹ wo egbò àdùbúlẹ̀. Bí àgbà tí kò lè dá yíra bá sùn síbi kan pẹ́ jù, ìwúwo ara rẹ̀ á dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dé ibi tí egungun ti súnmọ́ awọ: ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀. Ibẹ̀ á pọ́n, lẹ́yìn náà á dá egbò, egbò náà á sì lè wọlé títí kan egungun. Àṣà àwọn nọ́ọ̀sì láti ìgbà pípẹ́ ni pé kí wọ́n máa yí irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà ní bíi wákàtí méjì méjì. Kò sí àpò ìrẹsì tó lè ṣe èyí. Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é, lọ́sàn-án àti lóru. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ bí ilé kan ti rí, kí a fi gbọ̀ngàn àlejò sílẹ̀, kí a lọ wo gìgísẹ̀ ẹni tí kò lè rìn.

ILÉ TÓ RẸWÀ NÍ GẸ̀Ẹ́SÌ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìlówó nìkan ló ń fa ìtọ́jú burúkú. Ní Copthorne, ní West Sussex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú kan tí ń jẹ́ Orchid View ní ọdún 2009. Ilé tuntun ni, ó dán, ó sì fa ojú àwọn ẹbí mọ́ra. Southern Cross, ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ náà nígbà náà, ló ni ín. Ní ọdún 2010 àjọ ìjọba tó ń yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò fún un ní máàkì pé ó dára. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n ti í pa. Nígbà tí adájọ́ tó ń wádìí ikú parí iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ó ní ìtọ́jú tí àwọn 19 tó kú gbà níbẹ̀ kò kúnjú òṣùwọ̀n, àti pé àìbìkítà wà lára ohun tó fa ikú àwọn márùn-ún nínú wọn. Òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì ilé náà ló tú àṣírí. Ó sọ níwájú adájọ́ pé wọ́n ní kí òun gé ìwé oògùn àwọn àgbà wẹ́wẹ́, nítorí àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀.

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ẹni tó jìn sí kòtò sì kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́. Èkíní, ilé rèǹtè-rente lè jẹ́ ibojì. Èkejì, ẹni tó rí òótọ́ kò ju ẹni tí kò lágbára nílé náà, akọ̀wé lásán. Ilé tí òṣìṣẹ́ kékeré kò ti lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù kò lè dára pẹ́.

Àjọ Gẹ̀ẹ́sì náà, Care Quality Commission, tún òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Láti ọdún 2014 ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n ń bi gbogbo ilé. Ṣé ewu kò sí níbẹ̀? Ṣé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́? Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ láàánú lójú? Ṣé wọ́n ń dáhùn sí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́? Ṣé olórí ilé mọ ètò í ṣe? Ìbéèrè gidi ni wọ́n, a sì lè yá wọn lò láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má sọ wọ́n di òrìṣà. Ní ọdún 2024, Dókítà Penny Dash tí ìjọba yàn láti wo iṣẹ́ àjọ náà rí i pé bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ibi tó yẹ kí wọ́n fún ní máàkì ni kò tíì gba máàkì kankan rí. Máàkì àwọn mìíràn sì ti di ti ọdún pípẹ́. Bí orílẹ̀-èdè tó lówó, tó ní òfin, tó sì ní òṣìṣẹ́ bá ṣì lè fi ojú fo ilé tó yẹ kó wò, àwa tí a kò ní tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹbí àti ẹgbẹ́ ni olùyẹ̀wò àkọ́kọ́.

ṢÉ ÈÈWỌ̀ NI?

A gbọ́ ohùn àwọn tó ní kí a má tilẹ̀ sọ ọ́, pé Yorùbá kì í gbé òbí jù sílé àjèjì. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ló ní irú èrò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1962, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Townsend, tẹ ìwé kan jáde lẹ́yìn tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé àgbà 173 ní England àti Wales. Ó rí àwọn àgbà tó jókòó láìníṣẹ́, tí wọ́n pàdánù ọ̀rẹ́, àṣírí àti ẹ̀tọ́ láti pinnu ohunkóhun. Ìmọ̀ràn tó gbà wọ́n ni pé kí wọ́n máa ran àgbà lọ́wọ́ nínú ilé tiwọn dípò bẹ́ẹ̀. Bí òyìnbó fúnra rẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àwọn alátakò ilé àgbà ní ẹsẹ̀ láti fi dúró.

Ṣùgbọ́n kí a má fi àṣà bo ìyà mọ́lẹ̀. Ìyá tí a tì mọ́lé ní Rumuola tàbí Mgbuoba pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ ọlọ́dún mẹ́rìnlá, tí ọmọ ń fi owó ránṣẹ́ láti òkèèrè, tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì, ṣé ilé ọmọ rẹ̀ ló wà ni? Òṣùwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn ilé àti ilé ìtọ́jú. Ibi tí a ti ń yí i padà, tí a ti ń fún un lómi kó tó béèrè (nítorí òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà mọ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ nílò omi), tí a ti ń pè é ní orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni ìtọ́jú wà.

OHUN TÓ YẸ KÍ A WÒ NÍ PORT HARCOURT

Ìlú yìí ní tirẹ̀. Láti ìparí ọdún 2016 ni àwa ará ibí ti mọ èéfín dúdú tó ń bà sórí fèrèsé, aṣọ àti ihò imú. Ọmọ ogún ọdún lè húkọ́ kó sì gbàgbé. Ẹ̀dọ̀fóró ẹni ọgọ́rin ọdún kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé àgbà tí kò lè ti fèrèsé kó sì rí afẹ́fẹ́ gbà láti inú fáànù tí iná rẹ̀ dúró déédéé, kò tíì ṣetán. Òjò wa kì í ṣe kékeré, nítorí náà ilẹ̀ tó ń yọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ jẹ́ ewu gidi: ìṣubú kan ṣoṣo, egungun itan á dá, àgbà náà lè má rìn mọ́. Kí a béèrè ẹni tó ni mọ́tò lálẹ́, àti ilé ìwòsàn tí wọn yóò gbé aláìsàn lọ, bóyá Braithwaite ni, tí orúkọ rẹ̀ ti di Rivers State University Teaching Hospital, tàbí UPTH ní Alakahia. Kí a sì béèrè bí wọn yóò ṣe débẹ̀ bí ọ̀nà East-West bá dí.

Èdè ń kọ́? Ọ̀pọ̀ àgbà tí àrùn ìgbàgbé bá mú máa ń padà sí èdè tí wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà. Ẹni tó sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Pijin fún ogójì ọdún ní Mile One lè wá gbàgbé méjèèjì. Bí kò bá sí ẹnì kan ṣoṣo lẹ́nu iṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá, ìrora rẹ̀ á di ariwo lásán létí wọn, wọ́n á sì fún un ní oògùn oorun. Fífi oògùn pa àgbà lẹ́nu mọ́ nítorí ìrọ̀rùn òṣìṣẹ́ jẹ́ ohun tí òfin Amẹ́ríkà ti kà léèwọ̀ láti ọdún 1987. Oúnjẹ pẹ̀lú ní èdè. Àmàlà àti ewédú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kì í ṣe afẹ́ fún ẹni tí kò fẹ́ fẹnu kan ohun mìíràn.

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ló kàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà físà fún olùtọ́jú àgbà láti òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì gba ibẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 wọ́n ní olùtọ́jú tó bá ń bọ̀ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn náà. Àwọn ọmọ wa tó lọ ti kọ́ bí a ṣe ń gbé àgbà láìdá a lẹ́yìn, bí a ṣe ń kọ oògùn sílẹ̀, bí a ṣe ń nu ènìyàn láìdójú tì í. Bàbá ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi ìmọ̀ náà tọ́jú. Níhìn-ín, ẹni tí a gbà sí iṣẹ́ lánàá ni a ń fa ìyá wa lé lọ́wọ́ lónìí, láìkọ́ ọ ní nǹkan kan. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ilé tí kò lè san iye yẹn fún ẹni tó ń fọ ìgbẹ́ àgbà kò yẹ kó gba àgbà.

A kò kọ èyí láti ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ìjọba, àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn aládàáni tó ń gba arúgbó sílé ń ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa sá fún. Bí kì í bá ṣe wọn, àwọn kan ì bá máa sùn lábẹ́ afárá. Inú wa sì dùn pé ní Ìbàdàn, láti ọdún 2012, UCH ní ibi ìtọ́jú àgbà tó dá dúró, ti Chief Tony Anenih, tó fi hàn pé ìmọ̀ náà wà nílé. Ṣùgbọ́n ìmoore kò ní kí a má yẹ nǹkan wò. Ẹni tó ń ṣe dáadáa kì í bẹ̀rù olùyẹ̀wò.

ÌMỌ̀RÀN WA

Kí ẹgbẹ́ má tíì ra ilẹ̀. Kí a kọ́kọ́ yan ìgbìmọ̀ kékeré: nọ́ọ̀sì kan tàbí méjì tó ti fẹ̀yìn tì, òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ kan, àti àgbà méjì tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, nítorí a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kí ìgbìmọ̀ náà bá àwọn ilé tó wà nílẹ̀ ṣe àdéhùn pé a ó máa wá láìkọ̀wé ṣáájú, lọ́sàn-án tàbí lóru. Kí a ní ìwé kan tí a ó máa kọ nǹkan wọ̀nyí sí: ẹni mélòó ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òru yẹn, ta ló ní egbò, láti ìgbà wo, ta ló ṣubú, ta ló rù sí i, ìgbà wo ni dókítà dé kẹ́yìn, kí ni àgbà fúnra rẹ̀ sọ nígbà tí òṣìṣẹ́ kò sí nítòsí. Bí a bá mú ìrẹsì lọ, kó dára, ṣùgbọ́n owó kan náà lè san owó nọ́ọ̀sì òru kan. Kí àwọn tó gbọ́ Yorùbá láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa máa lọ jókòó ti àwọn àgbà wa níbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láìsí bánà, láìsí fọ́tò.

Bí ìwé yẹn bá pé ọdún kan, a ó mọ̀ bóyá ilé tiwa ni a nílò tàbí olùtọ́jú tí yóò máa lọ láti ilé dé ilé. Bí ilé náà bá sì jẹ́ dandan, a ó mọ iye ọwọ́ tí a gbọ́dọ̀ gbà sí iṣẹ́ kí a tó ra búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́.

Kò sí ẹni tó ń ka ìwé yìí tí kì í gbàdúrà pé kí òun dàgbà. Àdúrà náà ti ń gbà, ẹ wo irun orí wa. Kí Olódùmarè jẹ́ kí alẹ́ wa san wá ju òwúrọ̀ lọ, kó má sì fi wá sọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ ohun tí à ń wí. Àṣẹ.